Tí Afẹ́fẹ́ Bá Há Sínú Orí Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí mo kà nínú ìwé nìkan. Ó ṣojú mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò ìyá mi kan tó ń ta aṣọ ní Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí wọ́n bá ń rìn. Orí á máa fọ́ wọn láti ìpàkọ́. Tí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọ́n á bì. Àwọn kan ní ọjà ti ń sọ láàárín ara wọn pé àǹtí mi ti ń mutí, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi ọtí kan ẹnu rí. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú orí wọn, kókó kan ló wà lẹ́yìn ọpọlọ, ní apá ibi tó ń jẹ́ kéèyàn lè dúró kó sì rìn láìṣubú. Àwọn dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ní ìjókòó ni wọ́n máa wà tí àwọn á fi ṣe é.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àǹtí mi lajú, wọ́n pe orúkọ ọmọ wọn, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní tíì. Gbogbo wa dúpẹ́. Àfi bó ṣe di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn gan-an. Wọ́n ní tí àwọn bá yí orí, ńṣe ló ń dún bíi pé omi ń mì nínú rẹ̀, bí omi tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò kún. Lẹ́yìn náà, wọ́n sùn lọ.

Ọkọ wọn ní: “Ẹ jẹ́ kó sinmi. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe fún un.” Kò sí èyí tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn lójú wa. Ọmọ wọn obìnrin, tó ṣì wà nílé ìwé girama nígbà yẹn, ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì náà tó sì sọ pé: “Mọ́mì ò sùn. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn.” Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sáré lọ pe nọ́ọ̀sì.

Wọ́n tún àwòrán yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, ọmọ Igbó ni, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wa sọ. Èmi ni mo ń túmọ̀ fún ẹbí, torí pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí náà nìyẹn. Ó fọwọ́ sí ibì kan tó dúdú kirikiri níwájú àwòrán náà, ó sì ṣàlàyé. Mo yíjú sí àwọn tó dúró, mo ní: “Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló wà nínú orí wọn.”

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń kúrò lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣì í sọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń sọ tí àìsàn bá ki èèyàn mọ́lẹ̀ lójijì: a máa ń ní afẹ́fẹ́ burúkú ló fẹ́ lù ú. Ọkọ àǹtí mi dìde. Wọ́n ní: “Ta ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìyàwó mi lórí?” Wọ́n ti ń wá fóònù wọn láti pe ẹni tó máa bá wọn gbé e kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti gbàdúrà fún un. Ìwé tí dókítà fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Àlàyé tí mo ṣe fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe fún yín, pẹ̀lú àwọn nǹkan míì tí mo ti kọ́ láti ìgbà yẹn.

KÍ NÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń JÓKÒÓ ṢE É?

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Àmọ́ tí kókó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi ìpàkọ́, ó ṣòro fún dókítà láti débẹ̀. Ibẹ̀ há, àwọn iṣan tó ń darí mímí àti gbígbé oúnjẹ mì sì wà nítòsí. Torí náà, àwọn dókítà kan máa ń gbé aláìsàn jókòó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kùn ún lóorun. Wọ́n á fi irin pàtàkì kan di orí rẹ̀ mú kó má bàa mì rárá, dókítà á sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Thierry de Martel, dókítà ará Faransé, wà lára àwọn tó jẹ́ kó gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ àti omi tó bá jáde á máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní dá adágún síbi tí dókítà ń wò. Ojú ibẹ̀ á mọ́ kedere, ọpọlọ náà ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ wú.

Àmọ́ ohun tó ní àǹfààní náà máa ń ní ewu tiẹ̀. Torí pé orí ga ju ọkàn lọ, afẹ́fẹ́ lè gba ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ wọlé, kó sì lọ sínú ọkàn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó ń kunni lóorun fi máa ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọkàn aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn dókítà míì fi yàn láti da aláìsàn dojú bolẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kò sí èyí tí kò léwu nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí dókítà mọwọ́ rẹ̀ dáadáa tó sì bá ibi tí kókó náà wà mu ló máa yàn.

Ewu kẹta tó wà nínú ìjókòó ni èyí tó bá àǹtí mi.

Ọ̀RỌ̀ KẸ́Ẹ̀GÌ EPO

Epo pupa ni ọkọ àǹtí mi ń tà. Mo bi wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé: “Dádì, tẹ́ ẹ bá dorí kẹ́ẹ̀gì epo kodò, báwo ló ṣe máa ń jáde?”

Wọ́n ní: “Á máa ṣe gbúlú-gbúlú ni.”

Mo ní: “Kí ló ń fà á?”

Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, àmọ́ wọ́n dáhùn. Wọ́n ní: “Bí epo ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń wọlé dípò rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, epo ò ní jáde.”

Mo ní: “Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ nǹkan kan sí wọn lórí.”

Bó ṣe rí rèé. Ọpọlọ wa kì í fara kan eegun agbárí gbagidi. Omi kan tó mọ́ lóló ló yí i ká, tó sì ń gbé e léfòó. Nínú àgbàlagbà, omi náà tó nǹkan bí 150 mìlílítà, kò tó ìdajì ìgò mínírà. Awọ tó nípọn ló bo ọpọlọ àti omi yẹn pa pọ̀. Tí dókítà bá gé awọ yẹn ní ìpàkọ́ láti dé ibi tí kókó wà, tí aláìsàn sì wà ní ìjókòó, omi náà á máa ṣàn wálẹ̀ jáde. Bó ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ inú yàrá iṣẹ́ abẹ ń gba ojú ibẹ̀ kan náà wọlé. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, òkè ló máa gbà lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí wọ́n rán awọ náà pa tí wọ́n sì di ojú ọgbẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ti há sókè orí. Tí aláìsàn bá wá dùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á wá síwájú orí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iwájú orí ni wọ́n ti sábà máa ń rí i nínú àwòrán, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni pneumocephalus. Ohun tí orúkọ yẹn túmọ̀ sí ò ju pé afẹ́fẹ́ wà nínú orí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí kún un: ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Díẹ̀díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ máa ń kù sínú orí gbogbo ẹni tí wọ́n bá ṣí agbárí rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ìjókòó ni wọ́n ti ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ẹ̀jẹ̀ á máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, á sì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá.

Kódà, ìgbà kan wà tí àwọn dókítà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi afẹ́fẹ́ sínú orí. Ní ọdún 1913, William Luckett, dókítà ará Amẹ́ríkà, rí afẹ́fẹ́ nínú àwòrán X-ray ẹnì kan tí agbárí rẹ̀ fọ́. Ní ọdún 1918, Walter Dandy tó ń ṣiṣẹ́ ní Baltimore bẹ̀rẹ̀ sí í fi afẹ́fẹ́ sínú ọpọlọ aláìsàn, torí pé X-ray ò lè fi kókó inú ọpọlọ hàn, àmọ́ ó lè fi ibi tí afẹ́fẹ́ gbà hàn. Orí máa ń fọ́ àwọn tí wọ́n ṣe é fún gan-an, wọ́n sì máa ń bì. Síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá kókó títí ẹ̀rọ CT scan fi dé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún aláìsàn ní London lọ́dún 1971.

Torí náà, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Bó ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe ń tẹ ọpọlọ tó ni ọ̀rọ̀ wà.

ÌGBÀ WO LÓ MÁA Ń DI EWU?

Tí ikùn bá kún, á fẹ̀. Agbárí kì í fẹ̀. Eegun ni. Tí nǹkan kan bá ń tóbi sí i nínú rẹ̀, ọpọlọ ló máa forí fá a.

Ohun mẹ́ta ló lè mú kí afẹ́fẹ́ tó há bẹ̀rẹ̀ sí í ni ọpọlọ lára. Èkíní, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara á tún máa pèsè omi tó yí ọpọlọ ká. Nǹkan bí 500 mìlílítà lara àgbàlagbà ń ṣe lójúmọ́. Ọpọlọ tó ti wálẹ̀ díẹ̀ nígbà ìjókòó náà á fẹ́ pa dà sáyè rẹ̀. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ti gba ibẹ̀. Èkejì, afẹ́fẹ́ tó wọlé nígbà tí yàrá tutù á gbóná nínú ara, ohun tó bá sì gbóná á fẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni oògùn oorun. Afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní nitrous oxide, tí wọ́n ti fi ń kunni lóorun láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni náítírójìn. Nínú ẹ̀jẹ̀, nitrous oxide máa ń yọ́ ju náítírójìn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 34. Tó bá dé ibi tí afẹ́fẹ́ há sí, á máa ya wọlé kíákíá, nígbà tí náítírójìn tó wà níbẹ̀ ò lè jáde kíákíá. Ó dà bí ilé tí èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ń wọ̀ bí ẹnì kan ṣe ń jáde. Ní ọdún 1976, dókítà méjì, Kitahata àti Katz, kọ̀wé láti kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nípa afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ọpọlọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìpàkọ́ ní ìjókòó. Lónìí, ọ̀pọ̀ dókítà tó ń kunni lóorun kì í lo nitrous oxide fún irú iṣẹ́ abẹ yìí mọ́, tàbí kí wọ́n tètè dá a dúró kí wọ́n tó rán awọ ọpọlọ pa.

Ìwọ̀nba àwọn èèyàn ni tiwọn máa ń dé ibi ewu yìí. Àmọ́ tó bá dé bẹ́ẹ̀, kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ̀rọ CT scan lè rí afẹ́fẹ́ tí kò ju ìdajì mìlílítà lọ. Tí afẹ́fẹ́ náà bá ti ń tẹ ọpọlọ láti iwájú, apá ọ̀tún àti apá òsì á ya kúrò lára ara wọn, àwòrán á wá rí bí orí òkè tó ní ṣóńṣó méjì. Àwọn dókítà ará Japan ló fi òkè Fuji tó wà lórílẹ̀-èdè wọn sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1988. Ohun tí dókítà fi han èmi náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

OHUN TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ MÁA Ń ṢE

Tí afẹ́fẹ́ náà ò bá pọ̀ tí kò sì ni ọpọlọ lára, ohun tí wọ́n máa ṣe ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ aláìsàn, kí wọ́n sì dúró. Wọ́n lè ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja. Wọ́n sì lè fi nǹkan bò ó nímú kó máa fa ọ́síjìn tí wọn ò bù là.

Àwọn ẹbí sábà máa ń bẹ̀rù tí wọ́n bá rí ọ́síjìn. Wọ́n á rò pé aláìsàn ò lè mí mọ́. Kì í ṣe torí ìyẹn nígbà gbogbo. Níbí yìí, ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹnì kan bá ń mí ọ́síjìn nìkan, náítírójìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù gan-an. Náítírójìn tó há sínú orí á wá rọ́nà gbà jáde sínú ẹ̀jẹ̀, á sì bá èémí jáde. Bí afẹ́fẹ́ inú orí ṣe máa tètè gbẹ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ó ti ń tẹ ọpọlọ, wọn ò ní dúró. Wọ́n á lu ihò kékeré kan sí agbárí, wọ́n á sì fà á jáde. Ohun tó wà nínú ìwé tí ọkọ àǹtí mi ò fẹ́ fọwọ́ sí nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé ó máa tún wọlé?” Dókítà ní tí ojú ibi tí wọ́n rán bá dì dáadáa, kò ní wọlé mọ́. Wọ́n mú bírò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ gbàdúrà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Mo rí i pé kò sí ìdí tí àdúrà àti ìwé yẹn fi ní láti máa bá ara wọn jà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àǹtí mi lajú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló ń bá àwọn jókòó ti ọjà.

OHUN TÍ ẸBÍ LÈ ṢE

Nọ́ọ̀sì kan lè máa tọ́jú èèyàn tó pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì lẹ mọ bí èèyàn yín ṣe máa ń sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń dáhùn. Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orí, ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lójú ẹsẹ̀:

• Kí aláìsàn má tètè jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí kó jí, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́nà tí kò rọrùn láti jí i.
• Kí orí fífọ́ máa le sí i dípò kó máa dín kù.
• Kó máa bì léraléra.
• Kó máa sọ ìsọkúsọ, kó má mọ ibi tó wà, tàbí kó má mọ èèyàn mọ́.
• Kí gìrì gbé e, tàbí kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ.
• Kí omi tó mọ́ lóló máa jáde nímú, létí tàbí lójú ọgbẹ́, tàbí kó sọ pé omi oníyọ̀ ń ṣàn sí òun lọ́fun. Ojú ibi tí omi bá ń gbà jáde, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò àrùn lè gbabẹ̀ wọlé.

Tó bá sọ pé òun ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì nínú orí òun, ẹ má sọ pé ó ń rànrán. Ẹ sọ fún dókítà. Afẹ́fẹ́ àti omi tó wà pa pọ̀ ló lè máa dún bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ yìí kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ nìkan. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ọpọlọ tàbí ọpọlọ tó ń wú lè fà wọ́n. Èyí tó bá wù kó jẹ́, àwòrán ló máa fi hàn, dókítà ló sì máa sọ. Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ pè é.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí kò yẹ kí aláìsàn náà ṣe títí dókítà á fi gbà á láyè. Kó má fi agbára fọn ikun. Tó bá fẹ́ sín, kó la ẹnu sín in, kó má ṣe di imú mú. Kó má gbé ohun tó wúwo. Kó má fi ipá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá gan, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n fún un ní ohun tó máa jẹ́ kó rọ̀. Ẹ má sì gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè tàbí kẹ́ ẹ ki ìrọ̀rí sí i lábẹ́ orí torí pé àánú rẹ̀ ń ṣe yín. Bí wọ́n ṣe ní kó sùn nídìí.

Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, ẹ lè bi dókítà pé: Ṣé ìjókòó lẹ máa ti ṣe é? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yan ìyẹn? Ṣé ẹ máa lo nitrous oxide? Ìgbà wo lẹ máa tún àwòrán yà? Ìbéèrè ò sọ pé ẹ ò fọkàn tán wọn.

Ẹ MÁ TÍÌ RA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ BÀLÚÙ

Nígbà tí ara àǹtí mi ti ń yá, ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Èkó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù fún wọn, torí pé ọ̀nà ò dáa, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa jà gàdàgàdà nínú mọ́tò. Ìfẹ́ ló fi rà á. Dókítà ní rárá.

Inú bàlúù tó ń fò lókè kì í rí bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tọ́jú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ńṣe ló máa ń rí bíi pé èèyàn wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bí 1,800 sí 2,400 mítà. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá há sínú nǹkan á fẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ìpápánu tí wọ́n dì sínú ọ̀rá wọ bàlúù rí á ti rí bó ṣe máa ń wú. Afẹ́fẹ́ tó há lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i. Nínú ọ̀rá ìpápánu, kò sí wàhálà. Nínú agbárí, wàhálà wà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ náà lè pẹ́ ju bí ẹbí ṣe rò lọ. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwòrán inú orí àwọn aláìsàn 240 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí òkè ọpọlọ wọn. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní afẹ́fẹ́ nínú orí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣì wà nínú orí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ara wọn lè ti le, kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa ṣàwàdà, síbẹ̀ kó ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà, torí pé àwọn kan ń gbé èèyàn wọn lọ sí Íńdíà tàbí ibòmíì fún iṣẹ́ abẹ orí, tí ìwé àṣẹ ìrìnnà wọn àti owó ilé tí wọ́n háyà sì ń lé wọn. Ẹ fi ọjọ́ ìdúró kún ìnáwó yín láti ilé. Ẹ má jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì yan ọjọ́ tí aláìsàn máa fò. Kí dókítà wo àwòrán tuntun, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ ti lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ lọ sókè òkun. Láti ọdún 1962 tí Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ti pa dà dé láti Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní UCH Ìbàdàn, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà ní iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Lónìí, wọ́n wà ní Ìbàdàn, Èkó, Enúgu, Àbújá, Kánò àti Sókótó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀.

Àǹtí mi dúró. Wọ́n tún àwòrán yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibi tó dúdú yẹn ti lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n wọ bàlúù. Wọ́n ti pa dà sídìí aṣọ wọn báyìí. Wọn ò yára rìn bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọn ò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ mọ́. Ọmọ tó sáré pe nọ́ọ̀sì ti wà ní yunifásítì.

Èmi náà kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ń rò pé tí mo bá ti sọ ohun tí ẹnì kan sọ lédè míì, iṣẹ́ ti parí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ kan tí mo túmọ̀ láìṣàlàyé gbé àǹtí mi kúrò níbi tí ìwòsàn wọn wà. Tí wọ́n bá tún ní kí n sọ ọ́ lónìí, ohun tí màá sọ nìyí: “Nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ, omi jáde, afẹ́fẹ́ sì wọlé dípò rẹ̀. Ó ti há síbẹ̀. Dókítà fẹ́ tú u sílẹ̀.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń túmọ̀ fún àwọn òbí yín ní ilé ìwòsàn, ẹ má sọ orúkọ àìsàn nìkan fún wọn. Ẹ bi dókítà bó ṣe débẹ̀, bóyá ó máa lọ, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yíjú sí àwọn tó ń dúró dè yín.